OWÓ YUNIFÁSÍTÌ: ÈWO NI Ẹ̀TỌ́ RẸ, ÈWO NI GBÈSÈ, ÈWO NI HÀRÁÁMÙ?

  



Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, tí àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orúkọ síta, àwọn ọmọ wa a máa wá bá mi ní ilé-kéwú lẹ́yìn ìrun Alásárì. Wọn kì í bèèrè ohun tí àwọn yóò kà. Owó ni wọ́n ń bèèrè. "Ààfáà, bàbá mi ní kò sí owó." "Ààfáà, wọ́n ní owó tí ìjọba ń yá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ribá ni. Ṣé òótọ́ ni?" "Ààfáà, ẹnì kan ní òun lè bá mi ṣe ìwé tó máa sọ mí di ọmọ Ògùn, kí owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi lè dínkù." Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá tó àkókò kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Wásinmi, ní Ìtòrì, ní Papalantó, ní Ìfọ̀ àti ní Abẹ́òkúta lè jọ kà á, kí ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn òbí yín.

Ìgbà le, n kò ní tàn yín. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó mọ́tò láti Wásinmi sí Lafẹ́nwá kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, owó oúnjẹ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, owó tí àwọn yunifásítì ń gbà náà sì ti gòkè. Síbẹ̀, láàárín "kò sí owó" àti "n kò lè lọ", ọ̀nà kan wà níbẹ̀. Ọ̀nà náà gùn, ó ní ìwé kíkọ nínú, ó ní ìdúró lórí ìlà nínú. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa rìn ín. Àwọn mìíràn ń fi irọ́ gé e kúrú. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

ÀWỌN ARÁ SUFFAH

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ní Mẹ́dínà, lára mọ́ṣáláṣí Ànábì (S.A.W.), ibì kan wà tí wọ́n ta ibòji lé lórí, Suffah ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn sàábé tí kò ní ilé, tí kò ní ẹbí nílùú, tí kò ní dúkìá kankan ń gbé. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Abū Hurayrah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) wà lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà tó ṣí wá wà lẹ́nu òwò lọ́jà, tí àwọn onílùú Mẹ́dínà wà nínú oko wọn, òun rọ̀ mọ́ Ànábì, ohun tí òun yóò fi di ikùn nìkan ni òun ń wá. Ebi a máa pa á débi pé yóò ṣubú lulẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí, àwọn ènìyàn yóò sì rò pé wèrè ló ń ṣe é. Ọkùnrin tí ebi ń pa yìí ni hadīth tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde pọ̀ ju ti sàábé yòówù lọ.

Ẹ wá wo ohun tí Ànábì ṣe fún wọn. Bí sàráà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí Suffah. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, yóò ránṣẹ́ pè wọ́n, wọn yóò jọ jẹ ẹ́. Nínú Sūratu'l-Baqarah, aáyà 273, Ọlọ́hun mẹ́nu ba àwọn aláìní tí wọ́n fi ara wọn jìn fún ojú ọ̀nà Rẹ̀ tí wọn kò fi lè rìn káàkiri wá òwò ṣe, tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò sì pè wọ́n ní olówó nítorí pé wọn kì í yọ ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àwọn onítumọ̀ Kùránì ló sọ pé àwọn ará Suffah ló ń bá wí. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tó ń tijú láti kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹ̀rọ ata ni bàbá rẹ fi ń lọ̀ ata fún ènìyàn, ta lo rò pé o jù lọ? Ṣé o ju Abū Hurayrah ni?

Imām Ash-Shāfi‘ī ńkọ́? A bí i ní Gásà ní ọdún 150 lẹ́yìn Hijira, èyí tó jẹ́ 767 nínú ìkàyè òyìnbó. Bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí Mẹ́kà, ìyá náà kò sì rí owó ààfáà san. Ààfáà gbà kí ọmọ náà máa bá òun bójú tó àwọn ọmọ kéwú yòókù nígbà tí òun kò bá sí níjòókòó, ìyẹn ni yóò dípò owó. Ẹ̀yin tí ẹ gba ilé-kéwú Yorùbá kọjá, ṣé ètò yìí ṣàjèjì sí yín? Kò rí ìwé rà, egungun ló ń kọ̀wé sí. A máa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, a tọrọ ìwé tí wọ́n ti lo ojú kan rẹ̀, kí òun lè kọ̀wé sí ojú kejì. Àwa níhìn-ín tí a ń tẹ̀lé Imām Mālik, ẹ má gbàgbé pé ọ̀dọ̀ Mālik gan-an ni ọmọ tálákà yìí lọ kàwé nígbà tó dàgbà.

Àwọn onítàn sì gbà á wá nípa Abū Yūsuf ará Kūfah pé àìní ilé wọn pọ̀ débi tí òbí rẹ̀ fi wá fà á kúrò nínú kíláàsì Imām Abū Hanīfah, pé kí ó lọ wá iṣẹ́ ṣe. Abū Hanīfah, ẹni tó ń ta aṣọ síliki jẹun, ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò wá mọ́. Nígbà tó padà rí i, ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ, ó sì fi àpò owó lé e lọ́wọ́, ọgọ́rùn-ún dírhamù, ó ní kí ó má kúrò ní kíláàsì, bí ó bá tán kí ó sọ fún òun. Ọmọ náà kò tíì dẹ́nu sọ pé ó tán kí òmíràn tó dé. Abū Yūsuf yìí ló di adájọ́ àgbà ní ayé Hārūn ar-Rashīd. Èmi fẹ́ràn ibi tó ní ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ. Àwọn olówó wa tí wọn kì í lè fún ọmọ aláìní ní ₦5,000 láì pe oníkámẹ́rà, ẹ bá mi ka ibẹ̀ sí wọn létí.

Nígbà tó sì di 1067 tí Nizām al-Mulk ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Nizāmiyyah ní Bàgídádì, wọ́n ya dúkìá sọ́tọ̀ ní waqf, láti inú èrè rẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni sikọ́láṣípù, kò mọ ìtàn ẹ̀sìn rẹ̀ ni.

WO ÀYÍKÁ RẸ NÁ

Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, ohun àkọ́kọ́ tó lè fi ra ara rẹ̀ padà ni ibi tó bá kọ sórí fọ́ọ̀mù JAMB. Ọ̀pọ̀ ń kọ ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà nítorí pé ọ̀rẹ́ kọ ọ́, tàbí nítorí pé wọ́n fẹ́ kúrò lójú ìyá wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ṣe aláìní ilé-ẹ̀kọ́. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ni ti ìpínlẹ̀ wa, 1982 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ayé Gómìnà Ọnàbánjọ, Ogun State University ló sì ń jẹ́ títí di 2001. Àgọ́-Ìwòyè ni olú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ìbógun, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀. Ọmọ Wásinmi tó fẹ́ di ẹnjiníà, kí ló dé tí yóò fi gba yàrá sí ìlú òkèèrè nígbà tí Ìbógun wà nítòsí? Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà ní Ayétòrò, ti ìṣègùn sì wà ní Ṣàgámù.

Ní Alábàtà, l'Abẹ́òkúta, FUNAAB ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, 1988 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ka oyè àkọ́kọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀, ìlera, yàrá àyẹ̀wò, họ́sítẹ́ẹ̀lì àti irú wọn ni wọ́n ń gbà. Wọn kò sì pààlà láàárín ọmọ Ògùn àti ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn nídìí owó náà. Kí orúkọ iṣẹ́ àgbẹ̀ má lé yín sá o; wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ń kọ́ ìṣègùn ẹranko. Tai Solarin ní Ìjagun, tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2005 fún ìmọ̀ olùkọ́, náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2025.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń fi ojú pa rẹ́. Ní Ìtòrì, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò tiwa yìí, polí kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Alhaji D. S. Adégbénró, Mùsùlùmí ọmọ Ẹ̀gbá tó ṣe mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. L'Abẹ́òkúta, polí Mọ́ṣúdì Abíọ́lá wà níbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá gba OND tàbí NCE tó dára lè fi Direct Entry wọ lẹ́fẹ̀lì kejì ní yunifásítì. Ọdún méjì nílé ìyá rẹ, lórí àmàlà láfún ìyá rẹ, lẹ́yìn náà ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ tí o fi kó owó díẹ̀ jọ, kí o tó wọ yunifásítì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ yóò fi ọdún kan tàbí méjì ṣáájú rẹ jáde. Kí ló burú níbẹ̀?

OWÓ TÓ JẸ́ Ẹ̀TỌ́ RẸ, ÀTI ÌWÉ TÍ KÌ Í ṢE TÌRẸ

Bọ́sárì wà fún ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún mìíràn ó máa ń tètè dé, ọdún mìíràn ó máa ń falẹ̀. Ẹni tí kò kọ orúkọ sílẹ̀ nìkan ni kò ní rí i láéláé. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà ní Ewékorò láti 1960 náà ti fún àwọn ọmọ ìlú tó yí i ká ní sikọ́láṣípù rí, nítorí náà ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn báálẹ̀ àti àwọn olórí ọ̀dọ́ yín bóyá fọ́ọ̀mù ti dé, ẹ má dúró kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn tó bá ti parí. Láti 2010 ni àjọ MTN Foundation ti ń fún àwọn tó ń ka sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, lẹ́fẹ̀lì kẹta ni wọ́n ti ń mú wọn, máàkì wọn sì gbọ́dọ̀ tó 3.5. Ẹ rí i pé ẹni tó bá fi ọdún kìíní ṣeré ti pàdánù ti ọdún kẹta. Èyí ni ẹ̀yin tuntun kì í rò. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ní tiwọn náà.

Gbogbo wọn ló máa bèèrè ìwé-ẹ̀rí ọmọ onílùú láti ìjọba ìbílẹ̀, NIN, èsì WAEC àti ìwé tó fi hàn pé yunifásítì ti gbà ọ́. Lọ gba ìwé-ẹ̀rí náà ní Ìtòrì ní báyìí tí ọwọ́ rẹ dilẹ̀. Má dúró di ọ̀la ọjọ́ tí wọn yóò ti fọ́ọ̀mù.

Mo wá dé orí ìwé irọ́. Wásinmi ìlú ojú irin ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ọ̀nà reluwé kọjá níbí lọ sí Abẹ́òkúta ni àlejò ti wà láàárín wa. Ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó kàwé níbí, tó ń sọ èdè Ẹ̀gbá ju ọmọ Ẹ̀gbá lọ, bí bàbá rẹ̀ bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọn yóò kọ ọ́ sí, owó tí ó sì máa san ní yunifásítì ìpínlẹ̀ lè ju ti ọmọ onílùú lọ. Lójú tèmi, òfin yìí kò tọ́. Ọmọ tó lo gbogbo ayé rẹ̀ níbì kan, ọmọ ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àìtọ́ òfin kò sọ ẹ̀rí èké di hàláàlì. Ànábì (S.A.W.) fara ti nǹkan nígbà tó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sílẹ̀, ìgbà tó kan ẹ̀rí èké ló dìde jókòó dáadáa, tó sì ń tún un sọ títí àwọn sàábé fi ń wò ó pé ì bá dákẹ́. Ìwé tí o bá fi irọ́ gbà, ọdún mẹ́rin ni o máa fi gbé irọ́ náà rìn, o tún máa gbé e lọ sí ìdí iṣẹ́. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, FUNAAB kò bèèrè owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bọ́sárì ìpínlẹ̀ bàbá rẹ náà wà. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, lọ bèèrè rẹ̀.

OWÓ TÍ ÌJỌBA Ń YÁNI: ṢÉ RIBÁ NI?

Ibí ni ìbéèrè pọ̀ sí jù, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ ìrántí ìbò olóògbé M. K. O. Abíọ́lá ọmọ Ẹ̀gbá, ni Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ bu ọwọ́ lu òfin yíyá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òfin náà ní àléébù: ó ń bèèrè onídùúró, ó sì fi gègé sí iye tí ìdílé ń pa wọlé. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n bu ọwọ́ lu tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n yọ méjèèjì kúrò. NELFUND ni àjọ tó ń bójú tó o. Owó ilé-ẹ̀kọ́, tààrà ni wọ́n ń san án fún ilé-ẹ̀kọ́. Owó ìjẹun, ₦20,000 lóṣù, àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ. Ìdá mẹ́wàá nínú owó oṣù ni wọn yóò máa yọ láti fi san án padà, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé kò ní èlé.

Kí ni ribá? Àfikún tí a dá lé owó tí a yáni ni. Ẹni tó yá ₦150,000 tí yóò san ₦150,000 padà, níbo ni àfikún wà? Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦100,000, ₦10,000 ni wọn yóò máa yọ, oṣù 15 gbèsè tán. Èyí ni à ń pè ní qard hasan, gbèsè dáadáa. Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù tó wà ní Jídà pàápàá ti ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ rán àwọn ọmọ Mùsùlùmí lọ sí yunifásítì láti 1983: akẹ́kọ̀ọ́ ń san án padà láì ní èlé, owó náà sì ń lọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn láwùjọ rẹ̀.

Àwọn kan ní owó ìjọba ti dàpọ̀ mọ́ owó tí kò mọ́. Mo dá wọn lóhùn pé Ànábì wa kú nígbà tí ẹ̀wù irin ogun rẹ̀ ṣì wà ní ìdógò lọ́wọ́ Júù kan ní Mẹ́dínà, nítorí ọkà bálì tó gbà fún ará ilé rẹ̀. Kò ní kí Júù náà kọ́kọ́ wá ṣàlàyé ibi tí gbogbo dúkìá rẹ̀ ti wá. Nítorí náà, ìdáhùn tèmi nìyí: ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn, kí ó gbà á, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè ni o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní "owó ìjọba" lójú yín bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Ànábì kí ó kírun sí i lára. Ó bèèrè bóyá gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní dínárì mẹ́ta, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ànábì ní kí wọ́n lọ kírun sí ara ẹni wọn. Àfìgbà tí Abū Qatādah ní òun gba gbèsè náà sọ́rùn ni Ànábì tó kírun sí i lára. Dínárì mẹ́ta!

Orílẹ̀-èdè yìí sì ti dán irú ètò yìí wò rí. Ní 1972, ní ayé ìjọba Gowon, wọ́n dá àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yá a kàwé tán, wọ́n di ọ̀gá, wọn kò san. Ètò náà dẹnu kọlẹ̀. Báńkì ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1993 kò sì lọ jìnnà. Àwọn tó jẹ ẹ́ mọ́ abẹ́ ahọ́n ti jẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ tó ń wá owó kiri ní 1985, ní 1995, ní 2005. Bí ìwọ náà bá gbà á lónìí pẹ̀lú aníyàn pé "ta ló máa rí mi mú?", àbúrò rẹ tí a kò tíì bí lo ń jà lólè. Ànábì sọ ọ́ nínú hadīth tí Abū Hurayrah gbà wá pé ẹni tó bá gba owó ènìyàn pẹ̀lú èrò àtisan án, Ọlọ́hun yóò bá a san án. Ẹni tó bá gbà á láti fi ṣòfò, Ọlọ́hun yóò sọ òun náà di òfò.

Ìmọ̀ràn mi lórí ₦20,000 yẹn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá fún ọ fún oṣù 10 lọ́dún, ní ọdún 4, ₦800,000 ni yóò wà lọ́rùn rẹ. Bí o bá lè jẹun láti ilé, tàbí tí o ní iṣẹ́ ọwọ́, fi í sílẹ̀. Bí ebi bá máa lé ọ kúrò ní kíláàsì, gbà á, kí o sì kọ gbogbo iye rẹ̀ sínú ìwé kan láti oṣù àkọ́kọ́. Aáyà tó gùn jù nínú Kùránì, aáyà 282 nínú Sūratu'l-Baqarah, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé.

Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tí èlé wọn ń gun ara wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n sì máa ń kọ̀wé àbùkù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ẹni bí ọjọ́ bá pé, ribá pọ́ńbélé nìyẹn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ tó sá fún NELFUND nítorí ribá ni mo ń bá nínú gbèsè yìí. Yahoo ńkọ́? Mi ò fẹ́ fi tádà ṣòfò lórí rẹ̀. Olè ni.

ÌNÁWÓ ILÉ, ÌNÁWÓ ỌMỌ

Sūratu'l-Furqān, aáyà 67, yin àwọn tí wọn kò ná ìnákúnàá, tí wọn kò sì háwọ́, tí wọ́n wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwa mẹ́rin la pín yàrá kan. Gàrí, èlùbọ́ láfún àti epo láti ilé ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ sáà, ìkòkò kan la sì ń sè. Ìwé tí ẹni tó ṣáájú wa ti lò ni a ń rà. Owó tó ń tán ọmọ lọ́wọ́ lónìí, fóònù ni, aṣọ ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ni, ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń fi bírò kọ nǹkan sí lára lọ́jọ́ ìdánwò ìkẹyìn ni. Ẹ máa gbààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi ààwẹ̀ bo ebi mọ́lẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, kí ó sọ fún àwọn ará MSSN ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọdún 1954 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ l'Ékòó, olóògbé Lateef Adégbìtẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣé nítorí ìpàdé nìkan ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ni?

Iṣẹ́ ọwọ́ kò dí ìwé kíkà lọ́wọ́. Hadīth wà pé kí ènìyàn mú okùn, kí ó lọ di igi ìdáná sẹ́yìn wá tà, sàn fún un ju kí ó máa tọrọ lọ. Abíọ́lá tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe é bẹ́ẹ̀ gan-an: ọmọ kékeré l'Abẹ́òkúta, a jí lọ sóko igi ní ìdájí, a tà á kí ó tó lọ sílé-ìwé. Lẹ́yìn náà ló ka ìṣirò owó ní Yunifásítì Glasgow. Télọ̀, kíkọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì, irun dídì, àtúnṣe fóònù, gbogbo rẹ̀ ni igi ìdáná.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí. Mo ń kọ́ ọmọ ní kéwú, èmi náà sì ń jẹ nínú wòlímọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí bàbá tó pa màlúù nígbà wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ran aṣọ fún ẹbí, tó ta kánópì dí ojú ọ̀nà, kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ní òun kò ní owó tí ọmọ yẹn kan náà yóò fi gba ààyè ní yunifásítì. Ẹran wòlímọ̀ kò sí nínú òpó ẹ̀sìn márààrún. Ní ilé-kéwú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pẹ̀lú ẹ̀wà àti àkàrà, a ó ka Kùránì náà já, a ó ṣe àdúà, a ó sì bá a fi owó màlúù pamọ́ fún ilé-ìwé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọbìnrin. Bí owó bá kéré, ọmọkùnrin ni wọ́n ń rán, wọ́n á ní ọkọ ni yóò bójú tó obìnrin. Mọ́ṣáláṣí Qarawiyyīn ní ìlú Fez, tó di ilé ìmọ̀ ńlá, obìnrin ló fi ogún bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní ọdún 859: Fātimah al-Fihrī. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹni tó bá ní òun yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ yín tí kò sì fẹ́ kí bàbá yín mọ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń wá. Ẹ wá sọ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ Àsàlátù kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

SÀKÁ TÓ WÀ LÁDÙÚGBÒ WA

Àwọn ààfáà àgbà ti sọ ọ́ pé aláìní tó fi ara jìn fún ìmọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká, nítorí aláìní ni, aláìní sì ni Sūratu't-Tawbah, aáyà 60, fi ṣáájú. L'Ékòó, Zakat and Sadaqat Foundation ti ń gba sàká jọ láti 2000, ó sì ń fi ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Kí ló dé tí tiwa fi ń di ìrẹsì gígùn méjì-méjì ní oṣù Ààwẹ̀? Oníṣòwò tí owó rẹ̀ tó ₦4,000,000 lẹ́yìn ọdún kan tí ó sì pé ìwọ̀n sàká, ìdá kan nínú ogójì, ₦100,000 nìyẹn. Mélòó nínú irú wọn ló wà ní ọjà wa láti Papalantó dé Lafẹ́nwá? Mo ti bá Imām wa sọ̀rọ̀, a sì ti fẹnu kò pé kí a ya apá kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún owó ìgbàwọlé àwọn ọmọ tí wọ́n bá rí ààyè. Àwọn mọ́ṣáláṣí yòókù, ẹ ronú sí i.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn Alásárì, a máa jókòó kọ fọ́ọ̀mù ní ilé-kéwú wa ní Wásinmi, ti bọ́sárì, ti sikọ́láṣípù àti ti NELFUND. Ọ̀fẹ́ ni. Mú NIN rẹ wá, nọ́ńbà JAMB, BVN, ìwé tí yunifásítì fi gbà ọ́ àti ìwé-ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ní dátà, kí ó mú un dání, kí ẹni tí kò ní lè bá a lò ó. Kí bàbá tàbí ìyá rẹ bá ọ wá bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí àwọn ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè dáhùn.

Wassalāmu alaykum wa rahmatullāh.